Nígbà Tí Epo Bẹntiróòlù Bá Gbówó Lórí: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí Awakọ̀ Lè Gbà Dín Epo Kù

Bí epo bẹntiróòlù bá ti gbówó lórí báyìí, ìmọ̀ràn kì í wọ́n awakọ̀. Ẹnìkan á ní kó dín eré kù, ẹlòmíràn á ní kó gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, òmíràn á ní kó kúkú sọ ọkọ̀ náà di èyí tí ń lo gáàsì, a ó sì tún rí ẹni tí yóò yọ ìgò oògùn kékeré kan jáde pé bí wọ́n bá ti da èyí sínú táǹkì, ó parí. Ìmọ̀ràn wọ̀nyí kò dọ́gba rárá. Àwọn kan kò ná ni ní nǹkan kan, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ wọn. Àwọn kan ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni, ó sì lè pẹ́ gan-an kí owó náà tó padà. Àwọn mìíràn kò ní í dá a padà láéláé. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni láti gbé gbogbo wọn ka orí ìwọ̀n kan náà, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tó bá irú ìrìn tirẹ̀ mu, nítorí pé ohun tó gba awakọ̀ ọ̀nà jíjìn là lè jẹ́ ìfowóṣòfò fún ẹni tí kì í kọjá ibi iṣẹ́ àti ọjà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni iye owó tí awakọ̀ yóò kọ́kọ́ ná kó tó rí èrè kankan. Èkejì ni bí èrè náà ti dájú tó: ṣé ohun tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Ẹ̀kẹta ni bóyá ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tàbí ó ń fẹ́ ìkóra-ẹni-níjàánu lójoojúmọ́, torí pé ohun tí a ní láti máa rántí nígbà gbogbo la tètè ń gbàgbé. Ẹ̀kẹrin, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, ni irú ìrìn ẹni, ìyẹn bó ti gùn tó àti irú ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ inú ìlú kì í gba epo lọ́wọ́ ẹni lọ́nà kan náà tí òpópónà gbọọrọ ń gbà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yan ohunkóhun, ó yẹ kó mọ iye epo tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń fi iye owó tí wọ́n san nílé epo ṣe òṣùwọ̀n, èyí kò sì lè sọ òótọ́ nígbà tí owó lítà kan kò dúró sójú kan. Ẹ ra epo kún táǹkì títí ẹ̀rọ ìrapo yóò fi dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ kọ iye kílómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí ẹ sì máa wa ọkọ̀ bí ẹ ti máa ń wà á. Nígbà tí epo bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa, ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ tún rà á kún títí ẹ̀rọ yóò fi dá dúró, kí ẹ wo iye lítà tó wọlé. Ẹ pín iye lítà náà sí ọ̀nà iye kílómítà tí ẹ rìn, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bí lítà 38 bá wọlé lẹ́yìn kílómítà 400, a jẹ́ pé lítà 9.5 ni ọkọ̀ náà ń mu fún kílómítà 100 kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́, torí pé ìrapo ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣini lọ́nà. Ẹni tí kò bá ní òǹkà yìí lọ́wọ́ kò ní í mọ̀ bóyá ohun tó sanwó fún ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Àtúnṣe sí bí a ti ń wakọ̀

Èyí ni mo fi síwájú, nítorí pé kò gba owó kankan, síbẹ̀ èrè rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sanwó fún lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ìwakọ̀ oníwàǹwara, ìyẹn ká máa tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lójijì, ká máa sáré àsápajúdé, ká sì tún máa tẹ búrèkì gìrì, lè gé ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ibi tí epo kan náà ì bá gbé ọkọ̀ dé ní òpópónà, ó sì lè gé ìdá 10 sí 40 nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kò sí páágì tàbí fílítà kan tí a lè rà tí yóò dá irú epo bẹ́ẹ̀ padà fún ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá.

Ní òpópónà, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin, epo sì ni ẹ́ńjìnnì fi ń bá a jà. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí eré bá ti kọjá nǹkan bíi kílómítà 80 ní wákàtí kan ni epo tí wọ́n ń mu bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kíákíá. Ẹni tó máa ń sá 120 tó wá dín in kù sí 100 yóò rí ìyàtọ̀ nínú òǹkà rẹ̀, àkókò tí ìyẹn sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan: ìrìn kílómítà 60 tó ń gbà á ní ìṣẹ́jú 30 yóò di ìṣẹ́jú 36. Àwọn ìjọba pàápàá ti fi ọgbọ́n yìí ṣe òfin rí. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà ní ọdún 1973, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974 pé eré ọkọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 55, ìyẹn nǹkan bíi kílómítà 88, ní wákàtí kan. Ọdún 1995 ni wọ́n tó wọ́gi lé òfin náà pátápátá. Nígbà tí epo tún gbówó lórí ní ọdún 2022, ohun tí International Energy Agency, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára, kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìmọ̀ràn mẹ́wàá tó gbé jáde ni pé kí eré ọkọ̀ lójú òpópónà dín ní kílómítà 10 ní wákàtí kan, ó kéré tán.

Nínú ìlú, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń jẹ epo bí kò ṣe búrèkì. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ búrèkì, eré tí a ti fi epo rà ló ń di ooru lásán nídìí táyà. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n awakọ̀ kì í wo ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ nìkan. Ó ń wo ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́rin síwájú. Bó bá rí i pé iná adarí ọkọ̀ ti pọ́n, á ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù láti òkèèrè, ọkọ̀ á máa fi eré tó ti ní tẹ́lẹ̀ yí lọ nínú gíà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti tú ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó débẹ̀, tí kò fi ní í dúró rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí epo, bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nígbà tí ọkọ̀ wà nínú gíà, kọ̀ǹpútà náà á dá epo dúró pátápátá títí eré yóò fi lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń bọ́ gíà sí nútírà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí àtifi epo pamọ́ kò mọ̀ pé òdìkejì ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ń ṣe: ẹ́ńjìnnì ní láti máa mu epo díẹ̀díẹ̀ kó má bàa kú, gíà tí ì bá sì bá búrèkì dá ọkọ̀ dúró kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá wá pa ẹ́ńjìnnì pátápátá lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, torí pé búrèkì á le koko, ọwọ́ ìtukọ̀ á sì wúwo.

Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè mu nǹkan bíi lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, bí ẹ́ńjìnnì bá ti tóbi tó àti bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Epo tí a ó fi tún un tàn kò ju èyí tí ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ń jẹ lọ, nítorí náà bí a bá ń dúró de ẹnìkan, ká pa á. Àmọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ọkọ̀ ti ń sún díẹ̀díẹ̀, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa pa á kó máa tàn án, pàápàá bí bátìrì rẹ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ nìkan ló wà. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá pẹ́ jáde nílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Bó bá sì jẹ́ pé awakọ̀ tí a gbà síṣẹ́ ló ń wa ọkọ̀, tí kì í ṣe àpò rẹ̀ ni owó epo ti ń jáde, ìmọ̀ràn ẹnu kò tó. Àfi kí ọ̀gá rẹ̀ máa kọ òǹkà lítà àti kílómítà sílẹ̀, kó sì máa fún un nínú ohun tó bá ṣẹ́kù.

Ìtọ́jú ọkọ̀

Ìtọ́jú ń gba owó díẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ṣe é tán, ṣùgbọ́n àsọdùn pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ táyà yẹ̀ wò. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì á sì ṣe wàhálà kó tó lè yí i. Síbẹ̀, epo tí a ń rí gbà padà bí a bá fẹ́ ẹ dójú ìwọ̀n kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí táyà bá ti rọ̀ gan-an ló lè tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣì gbà pé ká ṣe é, torí pé owó rẹ̀ kéré, táyà á sì tún pẹ́ kó tó jẹ. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń padé. Kì í ṣe òǹkà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà fúnra rẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni ká wọ̀n ọ́n.

Fílítà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí máa ń jẹ epo nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ipa lórí epo. Ó kàn ń mú kí ọkọ̀ lọ́ra láti gbéra ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó bá ohun tí ìwé ọkọ̀ náà sọ mu lè mú ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún padà wá.

Ibi tí owó mẹkáníìkì ti ń padà wálé gan-an ni iná ẹ́ńjìnnì tó ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láti ìgbà pípẹ́ tí awakọ̀ ti fojú fò dá. Nínú ọ̀nà èéfín ọkọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wo iye ọ́síjìn tó kù nínú èéfín, tó sì ń ròyìn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bó bá bàjẹ́, irọ́ ló ń pa, kọ̀ǹpútà á máa da epo sínú ẹ́ńjìnnì ju bó ti yẹ lọ. Títún irú àbùkù ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú kí ibi tí epo kan náà ń gbé ọkọ̀ dé fi tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí i. Ẹni tó bá ń gbóòórùn epo lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, tó ń rí èéfín dúdú, tàbí tó tú páágì rẹ̀ tó bá a tí ẹnu rẹ̀ dúdú tó sì ní ẹ̀dú lára, kó má ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ro ọ̀nà mìíràn. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù àti ẹ̀rọ amúlétutù

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹrù kìlógíráàmù 45 tí a ń gbé kiri láìnídìí ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dun ọkọ̀ kékeré ju ọkọ̀ ńlá lọ. Àpótí ẹrù tí wọ́n dè mọ́ orí òrùlé ọkọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé afẹ́fẹ́ ló ń dènà: lórí eré òpópónà ó lè jẹ ìdá 10 sí 25. Kí a tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù lè jẹ ju ìdá 25 lọ nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, pàápàá lórí ìrìn kúkúrú, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kí a kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí ooru inú ọkọ̀ jáde ká tó tàn án. Bí eré bá kéré, fèrèsé ṣíṣí ló dára jù. Bí eré bá pọ̀, ká tì í.

Dídín ìrìn kù

Epo tó dájú jù pé a kò ní í rà ni ti ìrìn tí a kò rìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1973, ìjọba Netherlands fi òfin de ọkọ̀ wíwà lọ́jọ́ Àìkú nítorí ọ̀wọ́n epo, tí àwọn ènìyàn fi ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rìn lójú òpópónà. Kò sí ẹni tó ní kí a ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkó iṣẹ́ pọ̀ sójú ìrìn kan wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tútù ń mu epo jù: ìrìn kúkúrú mélòó kan tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù lè gba epo ìlọ́po méjì ohun tí ìrìn kan ṣoṣo tó gùn tó gbogbo wọn yóò gbà.

Wíwọ ọkọ̀ pọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló ní èrè tó pọ̀ jù níbí. Bí ènìyàn mẹ́rin tó ń lọ sí agbègbè kan náà bá jọ ń wọ ọkọ̀ kan, tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn jáde ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ní títẹ̀lé ara wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ra epo ìrìn iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́rin. Owó kankan kò sí nínú bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń ba á jẹ́ ni pé àkókò ẹlòmíràn wọ inú tìrẹ: ẹni tó ń pẹ́ jí á mú gbogbo wọn pẹ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í parí ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́ kò sì ní í bá wọn dé. Ọkọ̀ èrò rọrùn níbi tó bá ti ń wá lásìkò. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, owó tí a fi pamọ́ á lọ sínú wákàtí tí a sọ nù.

Yíyí ọkọ̀ padà sí gáàsì

Kí ó yé wa pé ọ̀nà yìí kì í dín agbára tí ọkọ̀ ń lò kù. Owó rẹ̀ ló ń yí padà. Oríṣi méjì ló wà. Gáàsì àdáyébá tí wọ́n fún pọ̀, tí wọ́n ń pè ní CNG, ń wà nínú sìlíńdà tó nípọn lábẹ́ ìfúnpọ̀ tó tó nǹkan bíi báà 200, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 200 ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ àyíká wa. Ó wúwo, ó sì ń gba àyè nínú bùútù. Orílẹ̀-èdè Íńdíà, Iran àti Argentina wà lára ibi tí wọ́n ti ń lò ó jù. LPG, ìyẹn gáàsì olómi irú èyí tí a fi ń dáná, ń wà lábẹ́ ìfúnpọ̀ tó kéré gan-an sí ti CNG, sìlíńdà rẹ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n agbára inú lítà rẹ̀ kan kò tó ti epo, ọkọ̀ á sì gba lítà púpọ̀ sí i. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi owó lítà gáàsì wé owó lítà epo. Owó kílómítà kan ni ká fi wé ara wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ yín, ẹ sọ owó àyípadà náà di iye lítà epo. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó tó owó lítà 900, pé ọkọ̀ ń mu lítà 10 fún kílómítà 100, àti pé ìlàjì owó epo ni gáàsì yóò gbà fún kílómítà kan. Ẹni tó ń rin kílómítà 30 lójúmọ́ ń jèrè owó lítà kan àbọ̀ lóòjọ́. Ọjọ́ 600 ni yóò fi wakọ̀ kí owó rẹ̀ tó padà. Ẹni tó ń rin kílómítà 200 ń jèrè owó lítà 10, ọjọ́ 90 péré ló sì nílò. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ní irú ìrìn ẹni ló pàtàkì jù.

Lẹ́yìn ìṣirò, ó ku ìdánilójú. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì wà lójú ọ̀nà yín, tàbí ẹ ó máa tò sórí ìlà fún wákàtí púpọ̀? Ṣé ẹni tó fẹ́ ṣe é ní ìwé àṣẹ? Sìlíńdà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò. Sìlíńdà ìdáná kò gbọdọ̀ wọ inú bùútù ọkọ̀ láti fi wà á, bó ti wù kó dín owó kù tó.

Pípààrọ̀ ọkọ̀

Èyí ló gbówó lórí jù, àsìkò tí epo bá wọ́n sì ni ó sábà máa ń burú jù láti ṣe é, torí pé gbogbo ènìyàn ló ń wá ọkọ̀ tí kì í mu epo, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ ra èyí tó ń mu ún lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu epo gan-an ni pípààrọ̀ ń ṣe láǹfààní jù: ẹni tó kúrò nínú èyí tó ń mu lítà 14 fún kílómítà 100 bọ́ sínú èyí tó ń mu 10 fi lítà mẹ́rin pamọ́, nígbà tí ẹni tó kúrò nínú 7 bọ́ sínú 5 kò fi ju méjì pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tirẹ̀ ló dára jù láàárín gbogbo wọn.

Ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid, tí Toyota Prius tó jáde ní Japan ní ọdún 1997 sọ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ń kó díẹ̀ nínú agbára tí búrèkì ì bá fi ṣòfò padà sínú bátìrì. Nítorí náà, inú ìlú ni agbára rẹ̀ wà. Lójú òpópónà, èrè rẹ̀ ń dín kù. Ọkọ̀ oníná pátápátá kò nílò epo rárá, àmọ́ ẹni tí kò ní ibi tó dájú tó ti lè máa gba iná sí i kàn ń fi ìṣòro kan pààrọ̀ òmíràn ni.

Oògùn inú ìgò àti irin iṣẹ́ àfikún

Mo fi wọ́n kún un kìkì nítorí pé wọ́n ń bi ni nípa wọn. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ti yẹ irú ohun èlò tí wọ́n ní ó ń dín epo kù wò tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì rí èyí tó dín epo kù lọ́nà tó jọni lójú. Bákan náà ni epo olówó ńlá tí òǹkà ọkítéènì rẹ̀, ìyẹn bí epo ti ṣòro tó láti gbiná ṣáájú àsìkò nínú ẹ́ńjìnnì, ga: bí ìwé ọkọ̀ yín kò bá béèrè fún un, kò ní í mú ọkọ̀ rìn jìnnà sí i.

Ta ni kó yan èwo?

Ẹni tó ń rin òpópónà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀, kó kọ́kọ́ dín eré kù sí 90 tàbí 100, kó tú àpótí orí òrùlé. Bí kílómítà rẹ̀ bá sì ju 150 lọ lójúmọ́ tí gáàsì sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, yíyí ọkọ̀ padà yẹ ẹ́. Awakọ̀ èrò tó wà lójú ọ̀nà láti àárọ̀ dé alẹ́ wà lórí ìlà kan náà, ṣùgbọ́n kó wo bí àyè ẹrù tí sìlíńdà yóò gbà yóò ti kan owó tó ń wọlé fún un. Ẹni tó ń gbé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí kò rìn ju kílómítà 30 lọ, kó gbàgbé gáàsì. Kó dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, kó kó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sójú ìrìn kan, kó wá ẹni mẹ́ta tí wọn yóò jọ máa lọ, kí hybrid sì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí àsìkò bá tó láti ra ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó tàbí tí iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń tàn, mẹkáníìkì ni kó kọ́kọ́ lọ bá, torí pé kò sí ìwakọ̀ pẹ̀lẹ́ tó lè dí ihò tí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ń lù sínú táǹkì. Ẹni tó ní ọkọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, kó ra ìwé kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ lítà àti kílómítà sínú rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá rapo, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mélòó kan kó tó ná owó sórí ohunkóhun mìíràn.